Orí Kẹrin: Ṣé Ó Yẹ Ká Kúrò Lórí Windows 10?

Ẹ jẹ́ ká ti ìdáhùn ṣáájú. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá bí ẹ bá ń fi í ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ má fi í sílẹ̀ sórí Windows tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́. Bí kì í bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, tó jẹ́ pé ẹ kàn ń fi í tẹ ìwé tàbí gbọ́ orin ni, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kò sí ohun tó ń lé yín. Bó bá sì jẹ́ torí Windows 11 nìkan lẹ ṣe fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ọ̀nà wà tí kò ná yín tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọ orí yìí fún àwọn tó ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà lágbègbè wa ní Èkìtì: ẹni tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ń yà sí ní Ìjerò, olùkọ́ tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò ní Àrámọ̀kọ, akọ̀wé ìjọ tó ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìmọ̀ràn tí àwọn tí iná wọn kì í lọ, tí dátà wọn kì í tán, máa ń gba ara wọn kò lè bá tiwa mu ní gbogbo ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa sọ̀rọ̀ iná àti dátà níbí bí mo ṣe máa sọ̀rọ̀ Windows fúnra rẹ̀.

Ohun tó parí ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025

Windows 10 jáde ní 29 Oṣù Keje 2015. Fún ọdún mẹ́wàá, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì oṣù kọ̀ọ̀kan, Microsoft ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ tó ń lò ó láìgba kọ́bọ̀. Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀: Windows XP parí ní 8 Oṣù Kẹrin 2014, Windows 7 ní 14 Oṣù Kìn-ín-ní 2020, Windows 8.1 ní 10 Oṣù Kìn-ín-ní 2023. Windows 11, tó ti wà níta láti 5 Oṣù Kẹwàá 2021, ni wọ́n ń tọ́jú báyìí.

Kọ̀ǹpútà kankan kò kú lọ́jọ́ náà. Ó tan ní àárọ̀ ọjọ́ kejì bó ṣe ń tan tẹ́lẹ̀, Word ṣí, ìwé jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣe pàtàkì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ewu rẹ̀ ṣe ń wọlé. Àtúnṣe fúnra rẹ̀ ló ń fi ihò han ọ̀daràn. Bí Microsoft bá tún apá kan ṣe nínú Windows 11, àwọn oníṣẹ́ ibi á gbé èyí tí wọ́n tún ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọn ò tíì tún ṣe, wọ́n á wá ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á sì gbà wọlé sára àwọn ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe. Ara Windows 10 ni wọ́n ti yọ Windows 11, nǹkan tó pa wọ́n pọ̀ kò kéré. Nítorí náà, ihò tí wọ́n bá dí lóṣù yìí nínú 11 lè wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú 10 títí láé.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni kó rántí ọdún 2017. Ní 14 Oṣù Kẹta ọdún náà, Microsoft fi àtúnṣe kan jáde fún apá Windows tó ń jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà máa pín fáìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láàrin ara wọn. Kò pé oṣù méjì, ní 12 Oṣù Karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn wọlé. Ó wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n san Bitcoin kí wọ́n tó rí i gbà. Àwọn ilé ìwòsàn NHS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, dá aláìsàn padà lọ́jọ́ náà. Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tó kó o, kì í ṣe torí pé àtúnṣe kò sí, bí kò ṣe pé àwọn tó ni wọ́n kò fi í sí i. Tiwa wá yàtọ̀ sí tiwọn ní ọ̀nà kan tó burú ju: lórí Windows 10 tí kò sí nínú ètò àfikún àtúnṣe kankan, àtúnṣe tí ẹ máa fi sí i kò tilẹ̀ sí.

Ẹ wo bí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ṣe rí: kọ̀ǹpútà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí gbogbo wọn ń pín lò, fíláàṣì oníbàárà tó ń bọ́ sí ọ̀kan tó ń bọ́ sí èkejì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí WannaCry fẹ́ gan-an ni èyí. Ohun tó sì wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù nìkan: nọ́ńbà NIN ọmọ tó wá forúkọ sílẹ̀ fún JAMB wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí WAEC tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà wà níbẹ̀, ìwé ilẹ̀ bàbá ẹnì kan, ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì tí ìyá kan ní kí ẹ bá òun tẹ̀ torí ojú òun kò ríran mọ́. Bí olè bá kó wọn, àwọn oníbàárà ló máa jìyà rẹ̀, wọn kò sì ní mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀nà kejì wà tí Windows àtijọ́ fi ń kú, èyí kì í sì í pariwo. Àwọn ètò tí a ń lò lórí rẹ̀ ló máa ń fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti Oṣù Kejì 2023, Chrome tuntun kò wọ orí Windows 7 àti 8.1 mọ́, ẹ̀dà 109 ni wọ́n dúró sí. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ojú ewé báńkì kan kò ní ṣí, fọ́ọ̀mù ìjọba kan kò ní gba kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó gbẹ̀yìn, ẹ ó sì máa rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Bí ẹ bá ṣì ní Windows 7 tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, kí ẹ tó ronú kan èyíkéyìí tó wà lórí 10. Windows 10 ṣì ní ìgbà díẹ̀: Microsoft ti ṣèlérí pé Defender tó ń lé fáírọ́ọ̀sì á máa gba ìròyìn nípa fáírọ́ọ̀sì tuntun lórí rẹ̀ di Oṣù Kẹwàá 2028. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n Defender kì í dí ihò tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀.

Ṣé ẹ̀rọ yín lè gbé Windows 11?

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter. Ẹ ó rí ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí System, lẹ́yìn náà About, kí ẹ sì kọ orúkọ prósẹ́sọ̀ àti iye RAM sílẹ̀ sórí ìwé.

Windows 11 fẹ́ RAM GB 4 ó kéré tán, ààyè GB 64 lórí dísìkì, prósẹ́sọ̀ 64-bit, Secure Boot, àti nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹ̀rọ. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà. Ọjọ́ orí prósẹ́sọ̀ ló ń dá wọn padà: Intel gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè, AMD sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Ryzen 2000 sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ìran kẹjọ Intel kò sí lọ́jà kí ó tó di 2017. Ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàrin 2010 sí 2014, ìjọba Èkìtì pín láptọ́ọ̀pù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì wà nílé yín tó ń tan, ẹ má wulẹ̀ ná dátà lé e lórí. Kò lè kọjá.

Kíka ìran prósẹ́sọ̀ kò le. Lára i5-6300U, nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì ìdábùú ni 6: ìran kẹfà ni, kò kọjá. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, ó kọjá. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, 11 tàbí 12, bíi i5-1135G7, ìran kẹwàá, kọkànlá tàbí kejìlá nìyẹn. Ẹ má ka 1135 sí ìran kìn-ín-ní. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ tó dára sílẹ̀ lọ́jà.

Fún àwọn tòkunbọ̀ tó pọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ lè fi orúkọ wọn mọ̀ ọ́n díẹ̀. HP EliteBook 840 G3 jẹ́ ìran kẹfà, G4 sábà jẹ́ ìkeje, G5 ló bọ́ sí ìkẹjọ. Lenovo ThinkPad T440 jẹ́ ìkẹrin, T470 jẹ́ ìkẹfà tàbí ìkeje, T480 sábà jẹ́ ìkẹjọ. Dell Latitude 7480 kò dé ibẹ̀, 7490 lè dé ibẹ̀. Mo ní “sábà” torí pé àwọn T480 kan wà tí prósẹ́sọ̀ ìran keje wà nínú wọn. Orúkọ tó wà lára ìdérí kò tó. About ni kí ẹ fi ojú ara yín wò kí owó tó jáde lápò.

Bí prósẹ́sọ̀ bá dára àmọ́ tí ẹ̀rọ náà ṣì ń sọ pé TPM kò sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n pa á nínú BIOS ni. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa tẹ F10 lórí HP, F2 lórí Dell tàbí F1 lórí ThinkPad kó tó wọlé, ẹ wá TPM tàbí PTT lábẹ́ Security, kí ẹ sì ṣí i. Ètò ọ̀fẹ́ kan láti ọwọ́ Microsoft, PC Health Check, máa sọ fún yín ní kedere bóyá ẹ̀rọ náà kọjá.

Ọ̀nà tó wà níwájú yín

Ẹ̀rọ tó bá kọjá, ẹ gbé e lọ sórí 11. Kò gba owó, bí Windows 10 tó wà lórí rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó. Níbí, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti lò tẹ́lẹ̀ ní ìwé àṣẹ Windows Pro tirẹ̀. Láti ìgbà Windows 8 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú BIOS. Síbẹ̀, ẹ ó rí oníṣẹ́ tó máa gba owó láti fi ayédèrú “activator” ṣí ohun tí kò wà ní títì. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ààbò rí i pé àwọn ọ̀daràn ń fi ètò tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà pa mọ́ sínú KMSPico, tó jẹ́ ọ̀kan nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ yín, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Activation, kí ẹ kà á. Bó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ní “digital license”, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ohunkóhun kún un.

Ẹ̀rọ tí kò bá kọjá, ẹ ní ọ̀nà méjì tó bójú mu. Àkọ́kọ́ ni ètò tí Microsoft ń pè ní ESU, èyí tó ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí Windows 10 fún ọdún kan sí i, títí di 13 Oṣù Kẹwàá 2026. Ẹ lè san dọ́là 30 fún un, ẹ lè fi pọ́ìǹtì 1,000 Microsoft Rewards gbà á, tàbí kí ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tí ẹ sì jẹ́ kó máa fi ètò ẹ̀rọ yín pa mọ́ sí OneDrive. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ti wà lórí ẹ̀dà 22H2 kó tó gba èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú Settings, níbi Windows Update, lẹ ó ti rí i. Ẹ̀rọ ti ara ẹni ni wọ́n ṣe ètò yìí fún. Ilé-iṣẹ́ ní tirẹ̀, dọ́là 61 fún ẹ̀rọ kan lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní àdéhùn pẹ̀lú Microsoft ń san dọ́là 1 péré lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí yàrá kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ yín, ẹ béèrè nípa dọ́là 1 yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ríra ẹ̀rọ tuntun.

Ọ̀nà kejì ni Linux, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn wa gbé e yẹ̀wò ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ. Linux Mint 22, tó jáde ní Oṣù Keje 2024, máa gba àtúnṣe títí di 2029, ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè TPM, kò sì béèrè ìran prósẹ́sọ̀ kankan. LibreOffice wà nínú rẹ̀ fún lẹ́tà àti ìṣirò, Firefox wà fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè dán an wò láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà lórí dísìkì yín. Fún olùkọ́ tó ń tẹ ìwé, fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé lórí ayélujára, ó tó. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú pẹ̀lú CorelDRAW kò lè lọ síbẹ̀, CorelDRAW kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí àwọn ibùdó ìforúkọsílẹ̀ ń lò sábà máa ń fẹ́ Windows náà. Fáìlì Word tí wọ́n fi àpótí àti àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lè dà rú nígbà tí LibreOffice bá ṣí i. Ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà mẹ́rin, ohun tí mo máa ṣe ni pé kí ọ̀kan tó lágbára jù wà lórí Windows 11 fún Corel àti ìforúkọsílẹ̀, kí àwọn tó kù tí oníbàárà ń jókòó sí wà lórí Mint.

Ọ̀nà kan wà tí mi ò fara mọ́. Àwọn oníṣẹ́ kan ń fi irinṣẹ́ bíi Rufus fo àyẹ̀wò náà, wọ́n á gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ ìran kẹrin, ó máa tan, inú oníbàárà á dùn. Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà tuntun ọdọọdún kì í sì í wá fúnra rẹ̀. Orí Core 2 Duo, ẹ̀dà 24H2 tó jáde ní 2024 kò tilẹ̀ ní tan rárá. Àtúnṣe tó ṣeé gbára lé la ń wá tá a fi ń kúrò lórí 10. Bí kò bá sí lórí 11 yẹn, kí la wá lọ síbẹ̀ fún? Ẹ lè fi ẹ̀rọ tiyín dán an wò nílé. Ẹ má ṣe é fún ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀.

Ibi tó yẹ kí owó lọ

Ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ Windows 11 torí pé kọ̀ǹpútà òun ń falẹ̀ ń wá nǹkan síbi tí kò sí. Windows 11 kì í mú ẹ̀rọ yá ju 10 lọ. RAM GB 4 tí wọ́n kọ sílẹ̀ á tan án lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí Chrome pẹ̀lú ojú ewé mẹ́fà àti Word, ẹ ó máa dúró. GB 8 ni kí ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń mú ẹ̀rọ àtijọ́ yá jù lọ ni pé kí ẹ yọ háàdì dísìkì tó ń yí nínú rẹ̀, kí ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jí lè máa jí láàrin ìṣẹ́jú kan. SSD àti RAM kò tó iye láptọ́ọ̀pù mìíràn rárá, iṣẹ́ wákàtí kan ni fún oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì wúlò bóyá ẹ máa wà lórí 10, 11 tàbí Mint.

Ní ti ohun tuntun tí Windows 11 mú wá, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Bọ́tìnì Start bọ́ sáàrin, àwọn ohun tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máúsì ti sá sábẹ́ “Show more options”, fèrèsé rọrùn láti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bọ́tìnì ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú 10, ó wà nínú 11, ó sì wà nínú Linux náà, nítorí náà àmì ohùn kọ́ ló yẹ kó mú yín kúrò. Ààbò ni ìdí tó wà, kò sí òmíràn tó tó o.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é láìbá ọjọ́ jẹ́

Ẹ yan ìgbà. Ẹ má ṣe é ní àsìkò ìforúkọsílẹ̀ JAMB, ẹ má sì ṣe é ní Ọjọ́bọ̀ tí ìwé ìsìnkú ọjọ́ Ẹtì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ náà lè gba wákàtí kan sí mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lórí háàdì dísìkì àtijọ́. Bátìrì láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ kún, kí ṣájà sì wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná BEDC: ẹ gbé e sórí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ tí epo inú rẹ̀ tó. Bí iná bá lọ láàrin ìgbà tó ń kọ nǹkan sórí dísìkì, Windows lè kọ̀ láti tan mọ́.

Ní ti dátà, fáìlì Windows 11 lé ní GB 5. Láti Oṣù Kìn-ín-ní 2025 tí NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, kò yẹ kí ẹ̀rọ mẹ́rin wa GB 5 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wa Media Creation Tool láti ojú ewé Microsoft fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wa Windows 11 lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbé e sórí fíláàṣì GB 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi fíláàṣì kan náà ṣe gbogbo ẹ̀rọ yín. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú pópó kan náà lè dá owó dátà yẹn jọ. Ẹ má gba Windows tí ẹnì kan ti “tún ṣe” tẹ́lẹ̀ lórí fíláàṣì tirẹ̀. Ẹ ò lè mọ ohun tó fi sí i. Bí ẹ bá ti fi fíláàṣì náà sí i, ẹ ṣí setup láti inú Windows 10 tó wà lórí ẹ̀rọ, ẹ yan pé kó fi fáìlì àti àwọn ètò yín sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé kó má wa àtúnṣe lọ́wọ́ báyìí. Ẹ lè wa àtúnṣe náà lóru bí dátà alẹ́ bá wà fún yín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó fáìlì yín síbòmíràn. Háàdì dísìkì ìta ló dára jù. Google Drive ń fúnni ní GB 15 lọ́fẹ̀ẹ́, ó tó fún ìwé, kò tó fún fọ́tò àti fídíò. Ẹ dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín wò pẹ̀lú. Lórí ojú ewé ẹni tó ṣe é, ẹ wò ó bóyá dráífà tirẹ̀ wà fún Windows 11. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dákẹ́ lè ná yín ju Windows lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkáǹtì, èyí ló sì ń sun àwọn èèyàn lékún jù. Windows 11 Home máa béèrè àkáǹtì Microsoft bí ẹ bá ń gbé e sí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ímeèlì tiyín ṣe é, ọ̀rọ̀ aṣínà tiyín. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ fi ímeèlì rẹ̀ ṣí i nítorí pé ẹ ń kánjú. Láti ẹ̀dà 24H2, bí wọ́n bá gbé Windows sí ẹ̀rọ látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú irú àkáǹtì yẹn, ó sábà máa ń ti gbogbo dísìkì pa ní àṣírí fúnra rẹ̀, ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ ìgbàsílẹ̀ rẹ̀ sínú àkáǹtì tó ṣí i. Bó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé BIOS yí padà, tí ẹ̀rọ béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 yẹn, tó sì jẹ́ inú ímeèlì oníṣẹ́ tó ti kó lọ sí Èkó ló wà, gbogbo fáìlì yín ti lọ nìyẹn. Ẹ wọ àkáǹtì yín lórí fóònù, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ fi í pa mọ́ sí ibi tí ẹ ń fi ìwé ẹ̀rí yín sí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gòkè, ẹ ní ọjọ́ mẹ́wàá láti padà sórí 10 bí nǹkan kan kò bá ṣiṣẹ́: Settings, System, Recovery, Go back. Ẹ tètè dán gbogbo iṣẹ́ yín wò láàrin ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ìyàwé, Corel, ìtẹ̀ka, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá, ọ̀nà ìpadà á ti.

Fún ẹni tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti ìsinsìnyí lọ, yálà ní Adó, Iléṣà tàbí Computer Village ní Ìkẹjà: bó bá jẹ́ Windows lẹ fẹ́ lò, ohunkóhun tó bá kéré sí ìran kẹjọ, ẹ má san owó gidi lé e lórí, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó.